Ọ̀rọ̀ Tí Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì Sọ sí Oko Wa

Rodanthi ọmọ mi, ìmọ́lẹ̀ ojú mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ lórúkọ gbogbo ilé. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun, àbí búrẹ́dì àti kọfí lo ṣì fi ń tan ikùn rẹ jẹ? Bí o bá ń béèrè wa, a wà láàyè. Òjò dídì ṣì wà lórí òkè ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, ọpẹ́ ni fún Màríà Ìyá Mímọ́. Kí ó fi ìborí rẹ̀ bò ọ́. Kí títì Átẹ́nì má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí oníjàgídíjàgan má wọ ọkọ̀ rẹ, kí iná tó wà nínú wáyà tó wà lókè orí rẹ jókòó síbi tó wà, kó má ṣe sọ̀ kalẹ̀ wá kí ọ. Àmín.

Ní ti bọ́ọ̀sì náà, àlùfáà wa Papa Nektarios fi àwòrán rẹ̀ hàn mí nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ní irú èyí tí ò ń wà nìyẹn, ó ní ìwo méjì lórí bí ewúrẹ́, ó sì fi ìwo náà kọ́ wáyà iná. Láti ọjọ́ yẹn, oorun mi ò dá ṣáká mọ́. Bí òjò bá ti ń ṣú, jọ̀wọ́ sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ní kí o sọ̀ kalẹ̀, kí o fara pamọ́ sábẹ́ òrùlé kan títí òjò á fi dá, kí àwọn èrò náà ní sùúrù, ibi tí wọ́n ń lọ ò ní sá lọ.

Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí ìbejì, akọ kan, abo kan, abo náà lórí kunkun bíi tìrẹ nígbà tí o wà ní kékeré. Ólífì ò so dáadáa lọ́dún yìí, eṣinṣin bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba òróró tí a rí mọ́ gaara bí omi ojú. Bàbá Sifis, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, orókún ṣì ń dùn wọ́n, wọn ò sì jẹ́ kí dókítà wò ó, wọ́n ní orókún àwọn ju dókítà náà lọ lọ́jọ́ orí. Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Mo dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, mo tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ ìgbéyàwó mi kí òtútù má baà mú un, ọjọ́ ìsinmi ni mo máa ń yọ ọ́ jáde láti pè ọ́. Obìnrin kan ló máa ń dáhùn. Mi ò mọ̀ pé o ti gba ẹnì kan sílé. Ohùn rẹ̀ dùn, ó jọ ẹni tó kàwé, ṣùgbọ́n kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé: mo kí i, ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí, mo ní mo ti gbọ́, ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́, ṣé ìyá rẹ ń bẹ, ó tún ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí, ó bá pa á dé mọ́ mi létí. Bí kò bá ń dá sí owó ilé, jẹ́ kó máa lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi jókòó ti ìwé gígùn yìí ni ọ̀rọ̀ oko ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, rọra kà á, torí èmi tó ṣojú mi gan-an, orí mi ṣì ń yí.

Lẹ́yìn ìgbà tí a ká ólífì tán ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan dé sí abúlé. Obìnrin tó tó mi lọ́jọ́ orí ni olórí wọn, Hester lorúkọ rẹ̀, ó ga bí òpó, ó sì dé irú fìlà tí àwa ń fi dé ère tí à ń gbé dúró sóko láti lé ẹyẹ. Ọ̀dọ́kùnrin méjì tẹ̀ lé e, àti Fotini, ọmọ tiwa kan láti Tẹsalóníkà tó ń kàwé ní yunifásítì, òun ló ń túmọ̀ èdè fún wọn. Wọ́n mú ìwé dání láti ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ ní Hania, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Fotini ní wọ́n kàn fẹ́ rìn nínú oko wa ni. Mo ní rírìn kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, rírìn. Mo ní wọn ò ní gbẹ́ nǹkan kan? Ó ní rárá o, rírìn lásán, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa rìn, ìrìn ò pa ilẹ̀ rí.

Wọ́n sì rìn lóòótọ́. Wọ́n na okùn funfun káàkiri oko bí ẹni tó fẹ́ sá aṣọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà gbé nǹkan kan tó dà bí àjàgà màlúù, ó ń rìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, jẹ́jẹ́, bí àlùfáà tó ń fi tùràrí káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì, nǹkan náà ń ké pín, pín, pín. Bó bá dé òpin, á yí padà, á tún máa bọ̀. Mo rò pé wọ́n ń súre fún ilẹ̀ ni, mo bá ṣe àmì àgbélébùú. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé irin kankan ò gbọdọ̀ sí lára wọn. Ìgbànú, ṣéènì ọrùn, bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sílẹ̀, okùn ni ọmọ náà fi so ṣòkòtò mọ́ ìdí bí ẹni tó sá kúrò lẹ́wọ̀n. Fotini wá sọ sí mi létí pé bí mo bá fẹ́ súnmọ́ wọn, èmi náà á ní láti yọ àwọn ìkọ́ kan tó wà lára aṣọ àwọ̀sábẹ́ mi. Èmi opó! Mo jìnnà réré. Mo ní ẹ̀rọ tó ń ka ìkọ́ abẹ́ aṣọ obìnrin, kí ni kò ní rí lábẹ́ ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni Bàbá Sifis ti gbé ọ̀bẹ sí ìgbànú, tí wọ́n wọ bàtà oníṣó, wá bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà. Fotini bẹ̀ wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí wọ́n bọ́ ọ̀bẹ náà sílẹ̀ ná. Bàbá Sifis ní àwọn ará Jámánì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn rí nígbà ogun, kí ó lọ béèrè ibi tí wọ́n wà. Bàbá Sifis ò wọlé, wọn ò sì lọ, wọ́n dúró sẹ́nu ibodè, wọ́n ń wo àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà bí ajá ṣe ń wo ológbò tó jókòó sórí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, Hester jókòó sábẹ́ igi ólífì, ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan lé itan, irú èyí tó ń ṣí bí ìwé. Mo ń gbé kọfí lọ fún un. Lójijì ó fò dìde, ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ oko lẹ́bàá ògiri òkúta, ó bú sí igbe ayọ̀, nínú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo gbọ́, mo sì gbọ́ ọ dáadáa torí ọ̀rọ̀ èdè tiwa ni. Anómali, ó ní. Anómali! Àwọn ọmọ náà pàtẹ́wọ́.

Kọfí náà dà sí mi lọ́wọ́. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. O mọ ibi tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn. Ìdí tábìlì Àjíǹde ni, a ò tíì gé àgùntàn, o ní o ti gba iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Átẹ́nì, o ò sì fẹ́ ọmọ oníwàràkàṣì ará Vrises mọ́, ni Bàbá Sifis bá lu tábìlì, wọ́n pè ọ́ ní anómali lójú gbogbo ẹbí, ọmọ tó wọ́, ọmọ tí kò rí bí ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, o gbọ́ bó ṣe fọ́. O gbé báàgì rẹ. Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, o ò wá, èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, o ò wá. Ilẹ̀ tí obìnrin yìí sì nawọ́ sí yìí, òun gan-an ni èmi àti bàbá rẹ fi pamọ́ láti kọ́lé fún ọ, bí gbogbo ìyá abúlé wa ṣe ń fi ilé lé ọmọbìnrin wọn lọ́wọ́, kí ó lọ́kọ, kó má lọ́kọ. Àjèjì wá dé, ó pe ilẹ̀ náà ní orúkọ tí wọ́n pè ọ́. Ṣé kí n máa rẹ́rìn-ín ni?

Àti pé irọ́ ni pẹ̀lú! Ìtumọ̀ rẹ̀ tí mo mọ̀ láti ilé ìwé ni pé nǹkan ò tẹ́jú, ó rí gbágungbàgun. Oko wo ló tẹ́jú tó tiwa ní gbogbo ẹsẹ̀ òkè yìí? Bàbá rẹ Pantelis, kí Ọlọ́run fi wọ́n sí ibi ìsinmi, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ṣa òkúta inú rẹ̀, èmi ni mo ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń ru yèèpẹ̀. Mo sáré lọ sílé, mo pọn omi kún abọ́ fífẹ̀ títí dé ẹnu, mo rù ú wá, mo gbé e kalẹ̀ gan-an níbi tó nawọ́ sí. Mo ní wò ó, omi kì í purọ́, ṣé ó dà sọ́tùn-ún, ṣé ó dà sósì? Hester wo omi, ó wo èmi náà, ó rẹ́rìn-ín, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nínú rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi púpọ̀púpọ̀.

Mo bá gba ilé kọfí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi obìnrin, mo wọ ilé kọfí àwọn ọkùnrin, kí o lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn mí tó. Kosmas tó ti ṣe ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìntì wà níbẹ̀. Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó ní Garifalia, ọ̀rọ̀ yìí ju bí o ṣe rò lọ. Ó ní kì í ṣe ti gbágungbàgun rárá. Ó ní láti inú nómos ni, òfin, a wá fi àìsí sí i níwájú. Àìlófin. Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí wọ́n ń wí, ẹ̀rọ wọn ti rí i pé oko rẹ ò bófin mu. Mo ní ẹ̀rọ ń rí òfin lábẹ́ ilẹ̀? Ó ní ayé ti yí, Garifalia.

Mo rántí fọ́ọ̀mù tí ìjọba fi ránṣẹ́ pé kí gbogbo ẹni tó nílẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ni mo fi òótọ́ inú dáhùn. Wọ́n béèrè pé báwo ni ilẹ̀ náà ṣe dé ọwọ́ mi, mo kọ ọ́ pé kò dé ọwọ́ mi o, ibi tó wà náà ló ṣì wà, èmi ni mò ń lọ bá a, lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n béèrè àwọn tí a jọ ni ín, mo kọ Ọlọ́run, mo kọ Rodanthi. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà owó orí mi. Èwo ni n ò mọ̀ nínú ìyẹn, mo fi okùn télọ̀ wọn orí mi yípo, mo kọ ohun tí mo rí. Kosmas ní irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ló ń sọ èèyàn sẹ́wọ̀n, pàápàá ti orí yẹn. Mo lọ sílé, mo di aṣọ òtútù, búrẹ́dì gbígbẹ àti àwòrán bàbá rẹ, mo gbé ẹrù náà sẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn ọlọ́pàá tó bá wá mú mi má baà pẹ́ dúró nínú òtútù.

Bàbá Sifis gbọ́. Wọ́n lọ wọ́ ẹ̀wọ̀n ńlá tí a fi ń so màlúù, wọ́n fi ti ibodè oko, wọ́n to àwọn irin ìtúlẹ̀ tó ti dógùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí odi, wọ́n gbé àga síwájú rẹ̀, wọ́n jókòó, ìbọn wà lórí itan wọn. Wọ́n ní àbúrò àwọn ló mú ilẹ̀ yìí tẹ́jú, kò sí baba ẹni tó máa dúró lórí rẹ̀ kó pè é ní arúfin.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ibodè ní títì. Wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n rò pé ọjọ́ àjọ̀dún kan la wà. Wọ́n bá wọ oko Evanthia tó bá tiwa pààlà, pé kí àwọn kúkú rin ìyẹn ná. Ọmọ tó gbé àjàgà náà ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pín, pín, pín. Bó ṣe dé ọ̀kánkán Bàbá Sifis báyìí, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n wọn, ìbọn wọn, ọ̀bẹ wọn àti gbogbo irin tí wọ́n kó jọ, ẹ̀rọ náà ya wèrè. Ó ń ké bí ọmọ tí oyin ta. Ọmọ náà dúró, ojú rẹ̀ là, ó na ìka tààrà láti òdìkejì ògiri sí àyà ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ó kígbe sí Hester pé anómali! Anómali!

Gbogbo abúlé ti dé nígbà yẹn. Bàbá Sifis dìde. Wọ́n ní ta ló ń pè bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní èmi? Èmi Sifis ọmọ Manousos? Anómali kì í ṣe orúkọ ọkùnrin, bí a ṣe ń pe obìnrin ní èdè wa ló tún fi pè mí! Wọ́n fa ìdí ìbọn, ó dún kẹ́kẹ́. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ṣòkòtò rẹ̀ tó fi okùn so ń já bọ̀. Fotini bú sẹ́kún.

Mi ò mọ ìgbà tí mo débẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi. Mo ṣá bá ara mi níwájú ẹnu ìbọn náà, mo sì gbọ́ ohùn mi tó ní ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ pé ẹni tó pe èèyàn ní anómali là ń yìnbọn pa, ẹ̀yin la ti máa kọ́kọ́ sin.

Bàbá Sifis wò mí títí. Wọ́n rọra gbé ìbọn náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àga, wọ́n sì jókòó.

Ìgbà yẹn ni Papa Nektarios sáré dé, wọ́n ká aṣọ àlùfáà wọn dé orókún. Wọ́n gbọ́ tẹnu Kosmas, wọ́n gbọ́ tẹnu mi, wọ́n ní Kosmas, o ti ṣìnà. Kì í ṣe nómos, omalós ni. Wọ́n ní kí gbogbo wa wo òkè, pẹ̀tẹ́lẹ̀ Omalos tí àwọn darandaran wa ń da ẹran lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ló dé tí àwọn baba ńlá wa fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? A ní torí pé ó tẹ́jú ni. Wọ́n ní ẹ wá fi àìsí sí i níwájú. Ohun tí kò tẹ́jú. Wọ́n ní àwa la ni ọ̀rọ̀ náà láti ilẹ̀, àwọn ará Róòmù yá a lọ́wọ́ wa, ó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó wá ń bọ̀ wálé báyìí bí àwọn ọmọ wa tó lọ sí Ọsirélíà, tí wọ́n dé pẹ̀lú fìlà tuntun tí ìyá wọn ò dá wọn mọ̀. Kosmas ní òun ò gbà. Ó ní òfin ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, òfin ló ṣì ń wí.

Hester náà sọ tirẹ̀, Fotini nu ojú, ó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní lẹ́nu tiwọn kì í ṣe èébú, kì í ṣe ẹ̀sùn, kò sì sí ẹni tó ń bá oko wa jà. Ó ní bí ẹ̀rọ náà ṣe ń lọ, gbogbo ilẹ̀ máa ń dún bákan náà sí i létí, bí ibì kan bá wá dún yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní anómali nìyẹn. Irin lè ṣe é, ó sì fi ojú tọ́ka sí ẹ̀wọ̀n màlúù náà. Ilẹ̀ tí iná ti jó rí lè ṣe é. Ó ní èyí tó wà lábẹ́ oko wa, òun ò tíì mọ̀ ọ́n, ìdí tí inú òun fi dùn nìyẹn. Mo ní inú ẹ dùn torí pé o ò mọ̀ ọ́n? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tún da orí mi rú.

Ni Bàbá Sifis bá la ẹnu. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní bí wọ́n bá wá fi pe èèyàn ńkọ́?

Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, Evanthia ń wo bàtà rẹ̀, Papa Nektarios ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Fotini nìkan ni kò mọ̀, àjèjì ni. Ó ní ẹni tí kò dún bíi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, bàbá. Bàbá Sifis ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ó ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú ẹ̀wọ̀n náà, wọ́n wọ́ ọ lọ sílé, a ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí òkúta títí wọ́n fi wọlé.

Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni Fotini sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbágungbàgun ni lẹ́nu àlùfáà, ẹ̀wọ̀n ni lẹ́nu ọlọ́pàá, ijó ayọ̀ ni lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé tèmi omijé ni. Ta ni kí èmi tí n ò kàwé jìnnà gbà gbọ́?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gba ìwé mìíràn wá láti Hania, wọ́n sì gbẹ́ ìsàlẹ̀ oko náà. Iléru amọ̀kòkò ni wọ́n bá níbẹ̀, ti ayé àwọn baba ńlá baba wa, ó rí roboto, iná ti jó ilẹ̀ inú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ìkòkò kan wà nínú rẹ̀ tó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá iná pọ̀ jù fún un, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Hester jókòó sínú kòtò náà, ó gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun. Inú mi dùn fún un, mo gbé ọtí ráki lọ fún wọn. Fotini ti bá mi kọ fọ́ọ̀mù míì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó dé ibi orí, mo sì ti tú ẹrù ẹ̀wọ̀n mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ó kù. Ọkùnrin ọ́fíìsì dé láti Hania, ó na okùn yí ìsàlẹ̀ oko náà ká, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ ohunkóhun síbẹ̀ mọ́ láéláé. Ó ní kí n má bínú. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ilé rẹ, Rodanthi. Ibi tí mo ti fojú inú rí fèrèsé rẹ nìyẹn. Mo jókòó lórí ògiri, mo sunkún, mo sọ fún Evanthia pé eruku ló kó sí mi lójú. Gbogbo òkúta tí bàbá rẹ ṣa, gbogbo yèèpẹ̀ tí mo fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rù, ó wá di ti àwọn amọ̀kòkò tí wọ́n ti kú. Mo sì ń rò ó pé bí ò bá sí ilé níbí, kí ló tún kù tó máa fà ọ́ wá?

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Sifis wá sílé mi. Wọ́n gbé odidi wàràkàṣì kan dání, wọ́n jókòó, wọn ò fọwọ́ kan ráki. Wọ́n sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ iye tí wàrà ń lọ. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní ilẹ̀ òkè, èyí tó wà lẹ́bàá ìsun omi, àwọn ti lọ sọ́dọ̀ lọ́yà ní Hania, àwọn ti fi orúkọ Rodanthi sí i. Wọ́n ní kò tẹ́jú o, òkúta ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní orókún àwọn ò gbé e mọ́, ẹni tó ni ín ni kó wá sọ ibi tí ilẹ̀kùn máa kọjú sí. Mo ní ẹ̀gbọ́n, màá kọ̀wé sí i. Wọ́n ní ìwé lè sọnù lọ́nà. Wọ́n ní báwo lèèyàn ṣe ń dé Átẹ́nì?

O mọ̀ pé wọn ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé wọn. Wọ́n ní bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí ará Kírétè kúrò ní Kírétè, kì í bá tí fi òkun yí wa ká. Ní òní, wọ́n ti fá irùngbọ̀n, wọ́n ti wọ aṣọ tí wọ́n ń wọ lọ síbi òkú, wọ́n ń dúró de ìwé yìí lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ń bi mí pé kí ni mò ń kọ tó gùn tó báyìí.

Nítorí náà, ẹni tó na ìwé yìí sí ọ, àwọn náà nìyẹn. Má jẹ́ kí wọ́n dúró síta. Wọn ò mọ bí a ṣe ń tọrọ àforíjì, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, bí wọ́n bá ń sọ fún ọ pé òjò pọ̀ ní Kírétè tàbí pé wàrà ti wọ́n, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ yẹn, kí o yáa dá wọn lóhùn. Owó ọkọ̀ àlọ nìkan ni wọ́n san, wọ́n ní bí o bá lé àwọn, àwọn á jókòó sí èbúté títí ojú rẹ á fi rọ̀. Jọ̀wọ́ bá wọn san owó àbọ̀, kí o sì san tìrẹ mọ́ ọn, Àjíǹde ti dé tán. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún páànù òrùlé ilé ewúrẹ́, ṣùgbọ́n má fi í gba bàǹkì, mo lọ béèrè owó mi níbẹ̀ lọ́jọ́sí, bébà ni wọ́n fi hàn mí.

Kí ẹnu tó bá bú ọ padà wá yìn ọ́. Kí ilẹ̀kùn tí o bá kàn ṣí fún ọ. Kí Ìyá Mímọ́ di ọwọ́ ọkọ̀ mú pẹ̀lú rẹ, kí àlọ rẹ yẹ ọ́, kí àbọ̀ rẹ tètè yá. Ojú mi ń bẹ lọ́nà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Garifalia.

Mo fẹ́ gbàgbé. Wọn ò mọ àdúgbò rẹ, wọ́n ní àwọn á máa wọ gbogbo bọ́ọ̀sì tó bá níwo títí àwọn á fi bá èyí tí ìwọ ń wà. Bí wọ́n bá wọlé, fi wọ́n jókòó síwájú, lẹ́yìn rẹ gan-an, kí wọ́n rí i bí o ṣe ń wà á.